Koobab àbí Koobyal

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ardwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kántíìnì kan láàárín ìlú ni mo ti ń fọ abọ́. Obìnrin Sòmálíà kan tó wá láti Mogadíṣù la jọ ń ṣe é, òun ló sì kọ́kọ́ kọ́ mi ní èdè wọn. Ó ní koob ni ife. Tí ife bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọn á tún ìró ìparí rẹ̀ pè: koobab. Miis ni tábìlì. Tó bá pọ̀, ó di miisas. Ó dùn lẹ́nu mi débi pé mo ń dá a sọ nínú bọ́ọ̀sì. Èmi tó jẹ́ pé lédè tèmi, ife kan, ife ogún, ife náà ni.

Màmá àgbàlagbà kan wà lójúlé kejì sí wa, Sòmálíà ni wọ́n, láti Baidoa. Wọ́n pè mí wá mu tíì ní Sátidé kan, mo bá fẹ́ ṣe fáàrí. Mo ní koobab wọn mà dára o. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi? Koobyal làwọn ń sọ níbi táwọn ti wá.

Nígbà tí mo sọ fún obìnrin Mogadíṣù náà, tó ti di ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, ó ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wá fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ Sunday, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Màmá. Èdè wọn ò kọ́kọ́ wọlé síra, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi wá sọ pé òun máa ń gbọ́ irú èdè yìí ní kékeré, àwọn a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ nílé ìwé. Òun ò mọ̀ pé ó ní ìlànà tirẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Màmá ní orúkọ oríṣiríṣi nǹkan.

Màmá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, tí ife bá pọ̀?"

"Àwọn ife," mo ní. "Bá a ṣe ń pe èèyàn tó pọ̀ náà nìyẹn. A tún ń pe àgbà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀: àwọn Màmá ti dé."

Wọ́n wo ife ọwọ́ wọn. "Ṣé eléyìí náà dàgbà tó mi ni?"

Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi ń lọ síbẹ̀ láìpè mí. Ẹ̀rín wọn ni màá kàn gbọ́ láti ojú fèrèsé.