Orúkọ Tí Bọ̀dá Mi Ní Ká Máa Wò Dáadáa

Ó dìgbà, Bọ̀dá mi. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàtà yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò sì wá wọ̀ ọ́.

Ọládípọ̀ Àjàní, ọmọ ìyá mi, arìn-jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ sùn sí lẹ́yìn. Àìsàn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló mú yín lọ, ó fi èmi àti Màmá sílẹ̀ ní àdúgbò Bajulaiye bí ìwé tí iná lọ mọ́ lórí nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yín máa ń ní ẹ kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin lẹ ronú áàpù tí àwọn èèyàn fi ń gbé iṣẹ́ fún àwọn atẹ̀wé àdúgbò wa: bí yóò ṣe rí, ohun tí yóò béèrè, ohun tí kò gbọ́dọ̀ béèrè. Nígbà tí mo parí girama tí mo jókòó sílé, ẹ ní, "Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ ti dé." Ẹ ní kí n jókòó ti oníbàárà tó bá ń lo áàpù náà fún ìgbà àkọ́kọ́, kí n má ràn án lọ́wọ́. "Ìka rẹ̀ ni kó o máa wò, Bísí. Ojú lè máa ti ẹnu. Ibi tí ìka bá ti dúró, ibẹ̀ la ti ṣàṣìṣe." Ibi tí mo bá sì fi hàn yín, ẹ ó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Ẹ kì í fi kún un.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ kọ̀ láti yọ. Kí iṣẹ́ tó wọ ẹ̀rọ, áàpù á kó gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ̀ síta, á ní kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èyí tó tọ́. Ìyá Sàídì tó ń tẹ káàdì ní Onípanu bú yín títí: "Dípọ̀, áàpù rẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ ju ìyá ọkọ mi lọ." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ò yọ ọ́. Bọ̀dá Fẹ́mi, tí ẹ jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ní ìbéèrè yẹn ń lé èèyàn sá. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá."

Mo mọ ìdí rẹ̀. Orí iṣẹ́ àtijọ́ làwọn atẹ̀wé wa ti máa ń ṣe tuntun. Nígbà tí Bàbá wa kú, ẹni tó ṣe ìwé ètò ìsìnkú wọn yí orúkọ iwájú padà, ó gbàgbé ti inú. A dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì, à ń ka àdúrà fún òkú olókùú. Màmá fi àtàǹpàkò bo orúkọ náà títí ìsìn fi parí. Ẹ rí i. Èmi náà rí i. A ò sọ ọ́ rí.

Ní báyìí tí ẹ ò sí ńlẹ̀, Bọ̀dá Fẹ́mi ní tí a bá ti sin yín tán, àwọn á yọ ìbéèrè náà. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo fẹ́ fi ìwé ètò ìsìnkú yín ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Áàpù kó orúkọ síta: tiyín, tiyín, tiyín. Lẹ́yìn náà, láti ojú-ewé àdúrà, orúkọ ìyá àgbà kan tí a kò mọ̀ rí, tó kù sínú iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ṣe é.

Bọ̀dá Fẹ́mi tẹ̀ síwájú, wọ́n ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Kí ìbéèrè yẹn máa wà níbẹ̀. Kò ní kúrò."

Ó wá ku kí n tẹ èyí tó tọ́. Ìka mi dúró. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, Bọ̀dá mi. Ó kàn dúró ni. Bọ̀dá Fẹ́mi ò ràn mí lọ́wọ́, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo sì tẹ̀ ẹ́ tán.

Ojú-ewé tó bá wu Màmá ni kí wọ́n ṣí lónìí. Kò sí ohun tí wọ́n máa fi àtàǹpàkò bò. Orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ sùn re o, Àjàní. Ẹ sùn re.

Àbúrò yín,
Bísí