Bí A Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Èédú Dúró

Àbúrò mi ọkùnrin máa ń pè mí bó bá ti jáde nínú ihò èédú. Ọkọ̀ tó ń kó èédú lábẹ́ ilẹ̀ ló ń wà, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nígbà tí èmi jókòó sí ọ́fíìsì ní ìlú Addison, tí mò ń kọ ìlànà tí àwọn awakọ̀ bíi tirẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé kí ọkọ̀ má baà pa wọ́n. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ni mo mọ̀, n kò mọ òkùnkùn. Ní Sátidé yẹn, kò pè.

Ọ̀sán ni pásítọ̀ ìjọ tí àbúrò mi ń lọ kó tó ṣí lọ síbi iṣẹ́ èédú, òun àti ìyàwó rẹ̀, wá kan ilẹ̀kùn mi ní Sachse, ìlú tí mò ń gbé. Láti ìlú Arlington ni wọ́n ti wá, wọn kò sì pè mí tẹ́lẹ̀.

"A kàn ní ká wá check on ẹ ni," ni pásítọ̀ wí.

Check mi kẹ̀? Àwọn tí kò yà sílé mi rí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi wá. Mo mọ ìṣe wa: a kì í túfọ̀ lórí fóònù. A ó wá, a ó jókòó, a ó béèrè àlàáfíà, a ó máa yí ọ̀rọ̀ náà po. Gbogbo ara mi kú, bí ẹnu ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ eyín.

"Iṣẹ́ ńkọ́? Kí lo tiẹ̀ ń ṣe gan-an ní office yẹn?" ni pásítọ̀ béèrè.

Mo rí i pé ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ̀rọ̀ náà ló ń wá. N kò ṣí i fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní bí ọkọ̀ èédú bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí awakọ̀ fa bíréèkì, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì fi igi dí táyà kí ọkọ̀ má yí lọ. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sáàárín ọkọ̀ àti ògiri, torí ọ̀nà ibẹ̀ há, kò síbi tí èèyàn lè yà sí.

Ibẹ̀ ni ìyàwó pásítọ̀ ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ó tó, ọmọ mi," ni pásítọ̀ wí. "Wá jókòó."

N kò jókòó. N kò sunkún. Inú ló kàn ń bí mi sí ife omi tí wọ́n mu tán.

"Ó ku díẹ̀, sà," ni mo wí. Mo sọ bí a ṣe ń yẹ bíréèkì wò láràárọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé àbúrò mi ti kú. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.