Òṣó Tí Julianah Ló

Ọ̀gá tó ń mu omi inú ike, tó wá ń sọ fún ará oko pé omi kànga wọn kò léwu, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ a máa kó mi nírìíra. Irú rẹ̀ ni àbúrò mi Julianah Béjidé, ọmọ Iléṣà, ń bá ṣiṣẹ́ ní abúlé kan lápá Oǹdó, níbi tí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà nínú ilẹ̀.

Ọ̀dà náà ki bí epo pupa tó dì lásìkò ọyẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ́ wà á, ohun tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Wọ́n dáná sí i nísàlẹ̀ ilẹ̀ kó lè yọ́, iná kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé bọ́ílà dé. Julianah á se omi, á fi páìpù ti ooru rẹ̀ wọlẹ̀, wọ́n á dé ihò pa títí ọ̀dà á fi yọ́, wọ́n á wá fà á jáde. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn.

Àfi bí ooru ṣe wá ibòmíràn gbà. Inú kànga Làbákẹ́, opó kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ náà, ló yọ sí. Omi di dúdú, ó ń rùn, ewúrẹ́ gan-an yí orí kúrò níbẹ̀. Julianah bẹ ọ̀gá, Adédìran, pé kí wọ́n pa bọ́ílà. Ọ̀gá ní obìnrin náà ni kò fọ kànga rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, itọ́ ń kún mi lẹ́nu.

Ìmẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa, ni wọ́n bí Adédìran sí. Ó mọ òṣómàálò, àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, tí wọn kò ní dìde àfi tí wọ́n bá gba tiwọn. Julianah bu omi kànga sínú ife, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó lóṣòó.

“Òṣó ni màá ló, sà. Ẹ mu omi yìí, tàbí kí ẹ ní kí n pa bọ́ílà.”

Adédìran rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo ife. Ọ̀gá gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó fi omi inú ike rẹ̀ ṣan ọwọ́. Ó ní kí wọ́n pa bọ́ílà. Ó sì lé Julianah kúrò níṣẹ́.

Ilẹ̀ tó ti gbóná kì í tutù lójú ẹsẹ̀, kànga ṣì ń pọ ọ̀dà. Páálí omi inú ike kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí fi ránṣẹ́ sí Làbákẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbin ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Julianah padà sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, ó tún lóṣòó nítorí kànga náà. Làbákẹ́ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà. Ó ru páálí náà dé, kò tíì ṣí i, ó sọ̀ ọ́ síwájú géètì.

“Sún fún mi, ọmọ mi,” ló wí, ó sì lóṣòó tì í.