Omi Fàdákà Gbadamassi

Gbadamassi tó ń tún rédíò ṣe ní Djègan-Kpèvi ò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó ti wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù, ìyẹn sì ti tó. Wọ́n ní kí ó ki fàdákà méjì bọ omi, kí ó fi waya so wọ́n mọ́ pílì, òkúta iná rédíò, omi náà á di oògùn tó ń wo gbogbo àrùn. Orúnkún Sakinath, ìyàwó ẹ̀, ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Fàdákà wo? Ẹ̀gbà ọwọ́ Sakinath méjèèjì ni, ẹ̀gbà sàdáákì tí Gbadamassi fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn àlùfáà lọ́jọ́ yìgì wọn, ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Bí kò bá sí sàdáákì, kò sí yìgì. Sakinath lọ́ra díẹ̀. Gbadamassi ní fàdákà tó ti Mẹ́kà wá kì í bàjẹ́, ni ìyàwó ẹ̀ bá bọ́ wọn fún un.

Fídíò ní omi á mọ́ gaara. Tiẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó ní iyọ̀ ló wà nínú omi kànga, ó dà á nù. Ó lo omi ẹ̀rọ, àwọ̀ ewé. Ó gbe omi òjò, àwọ̀ ewé náà ni, ó bú páànù ilé. Ó ra omi ní fàmásì, ó pààrọ̀ pílì, pàbó! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò tó ń kí i láràárọ̀.

Sakinath ló ránṣẹ́ sí Kader, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Akron. Kader ò tilẹ̀ wo omi. Ó mú ẹ̀gbà kan, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́, pupa yọ lábẹ́ funfun. Ó ní bàbà ni.

Ìgbà yẹn ni Gbadamassi tó rántí oníkiri kan ní Dowa tó ta ẹ̀gbà náà fún un, tó sì sọ fún un pé fàdákà kàn bò ó lójú lásán ni, tí òun sì ní kò burú, ta ni yóò họ ọ́ wò. Ó ti pa irọ́ náà pẹ́ débi pé òun gan-an ti gbà á gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiẹ̀ ò tilẹ̀ pé ogún, ojú sì tì í wẹ̀lẹ̀mù.

Sakinath ò pariwo. Ó ká ẹní Gbadamassi, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

“Bàbá Habibath, omi yín ò lábùkù o. Ẹ máa sùn ní ìsọ̀ títí fàdákà á fi dé. Mi ò lè máa sùn ti ọkùnrin tí kò tíì fẹ́ mi.”