Òwú Nínú Kọ̀ǹpútà Ayọ̀tọ́lá

Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà Ayọ̀tọ́lá kú, inú ọkọ rẹ̀ dùn. Mùílì kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀ o. Ìdí òfì ló wà, ó ń hun aṣọ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ igbe tí ìyàwó rẹ̀ ké. Ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ó ti pa! Samsu, ó ti pa mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

Samsu yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀.

Aṣọ òkè ni Mùílì ń hun ní Ìsẹ́yìn, bí bàbá rẹ̀ ti hun ún kó tó kú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń hun tiwọn lábẹ́ àtíbàbà níta, níbi tí wọ́n ti ń dá àpárá, tí wọ́n sì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Òun kì í lọ síbẹ̀. Pálọ̀ ilé rẹ̀ ló gbé òfì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí ó fẹ́ràn kó máa rí ìyàwó rẹ̀ bó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ayọ̀tọ́lá náà ló ń bá a wá oníbàárà. Á ya àwòrán ọnà tí aṣọ yóò ní, á fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, kí wọ́n lè rí i kí Mùílì tó fọwọ́ kan òwú. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Fadékẹ́, ó sì ti ń lọ sílé ìwé. Ilé tòrò.

Ìgbà tí Olúkúnlé, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀tọ́lá, fẹ́ lọ sókè òkun ni nǹkan yí padà. Olúkúnlé ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tó fi ń gbá géèmù. Dígí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, iná aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró sì ń tàn yinrinyinrin nínú rẹ̀. Kò rí i gbé wọ bàálù, ó bá gbé e fún àbúrò rẹ̀ pé yóò wúlò fún àwòrán aṣọ. Lóòótọ́ ló wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù náà ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò pọ̀, Ayọ̀tọ́lá ní kí òun wo ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ń rí nídìí wọn. Ó ṣí èyí tí wọ́n fi ń sáré mọ́tò, ó wà á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì jáwọ́ níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá géèmù yẹn káàkiri Òkè-Ògùn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Samsudeen, Samsu yẹn, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kìṣí. Bí Ayọ̀tọ́lá bá ti parí iṣẹ́ ilé lọ́sàn-án, á gbé hẹ́dífóònù lé etí, òun àti Samsudeen á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje. Mùílì kì í gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Irú ẹ̀rín yẹn, tó ń bú jáde láìbìkítà ẹni tó wà nítòsí, kò rántí ìgbà tí òun pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó máa ń jókòó sídìí òfì, ojú rẹ̀ á wà lára aṣọ, etí rẹ̀ á wà lẹ́nu obìnrin náà. Ọjọ́ mìíràn, á hun ibi tí kò yẹ kó hun, á tún tú u.

Nítorí náà ni inú rẹ̀ fi dùn.

Ayọ̀tọ́lá tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Ó ki wáyà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, fóònù ń gbaná. Ó bá pe Samsudeen, ó sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè.

"Ayọ̀tọ́lá, fara balẹ̀," ni ohùn náà wí. Mùílì tẹ́tí. Nínú ilé yìí, Ìyá Fadékẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. "Ṣé ó gbóná kó tó pa?"

"Ó gbóná gan-an. Ó ti ń pariwo láti ọjọ́ mẹ́ta kan bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata."

"Fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, má tètè tú u sílẹ̀. Jẹ́ kó tutù dáadáa kí o tó tún un tàn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún un tàn, iná inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, fáànù yí, Ayọ̀tọ́lá pàtẹ́wọ́. Kí àwòrán tó jáde lójú rẹ̀, ó tún pa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe bí ẹni pé ó gbọ́ mọ́ rárá.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́," ni Samsudeen wí. "Bó bá di Sátidé, n ó wá wò ó fúnra mi."

Ọwọ́ Mùílì dúró sójú kan. Láti Kìṣí wá sí Ìsẹ́yìn, lórí irú ọ̀nà yẹn, nítorí géèmù ìyàwó oníyàwó? Ó bi Ayọ̀tọ́lá bí ẹni tí kò gbọ́, "Ta ló ń bọ̀?"

"Samsudeen ni. Ó ní òun á bá wa tún un ṣe."

"Bá wa?"

"Ṣebí gbogbo wa la jọ ń jẹ nínú àwòrán tí mò ń yà níbẹ̀, Bàbá Fadékẹ́."

Mùílì padà sẹ́nu aṣọ tó ń hun. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà yìí kò ní dúró de Sátidé. Bí ẹlòmíràn bá ti tún un ṣe, kí ni ará Kìṣí yóò wá ṣe níbí?

Lọ́jọ́ kejì, bí Ayọ̀tọ́lá ti lọ fi aṣọ ránṣẹ́ ní gáréèjì, Mùílì fi ìró di kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e lé itan lórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Àyúbà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Àyúbà wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ló wí. "Bí mo bá ṣí i, mo lè bà á jẹ́ sí i."

"Ṣáà ṣí i. Bóyá wáyà kan ló já."

"Mùílì, kí ló ń lé ọ? Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni?"

"Ó wà. Òun gan-an ni mi ò fẹ́ kó wá."

Àyúbà wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dá ìró náà padà bò ó. "Gbé e padà sílé," ló wí. "Ohun tó ń ṣe ọ́, mi ò ní irinṣẹ́ ẹ̀ níbí."

Nígbà tó máa délé, Ayọ̀tọ́lá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí, ó rò pé olè ti jà wọ́n. Ó rí ohun tó wà lórí itan ọkọ rẹ̀.

"Níbo lẹ gbé e lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Àyúbà. Mo ní kó bá mi wò ó."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. "Ẹ pa iṣẹ́ yín tì nítorí kọ̀ǹpútà mi? Mo ti ń rò pé ẹ kórìíra rẹ̀ ni." Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó dúpẹ́. Iyán ló gún fún un lọ́jọ́ yẹn, láìjẹ́ pé ó béèrè. Mùílì jẹ ẹ́, àmọ́ kò lè gbójú sókè wo ẹni tó gún un.

Sátidé dé. Mùílì ti ń gbàdúrà pé kí ọkùnrin náà burẹ́wà, tàbí kó jẹ́ aláìmọ̀wàáhù. Kò sí èyí tó ṣẹ. Samsudeen ga, ó mọ́ tónítóní, báàgì irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, ó sì di iṣu Kìṣí mẹ́ta lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mùílì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi."

"Káàbọ̀," ni Mùílì wí, ó sì padà sídìí òfì. Kò hun nǹkan kan.

Samsudeen tú kọ̀ǹpútà náà, ó yọ dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan."

Eruku òwú ló kún ibẹ̀, èyí tó ń fò lára òwú nígbà tí òfì bá ń ṣiṣẹ́. Ó ti dì mọ́ àwọn fáànù bí ìtẹ́ ẹyẹ. Pupa wà níbẹ̀, aláwọ̀ aró wà níbẹ̀, funfun náà wà. Mùílì dá gbogbo wọn mọ̀. Aṣọ ìyàwó tó hun fún oníbàárà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pupa yẹn. Aláwọ̀ aró yẹn sì ni èyí tó ń tú, tó tún ń hun, nítorí ẹ̀rín tó gbà á lọ́kàn.

"Kọ̀ǹpútà yìí ti ń fa aṣọ òkè símú, ó ti pẹ́," ni Samsudeen wí. Ayọ̀tọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ni. Wàyí o, ojú ló fi rí i.

Samsudeen fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku náà kúrò, ó tàn án, kò tàn. Ó yọ àwọn pátákó pẹlẹbẹ méjì kan, ó nù wọ́n, ó fi ọ̀kan sí i, ó dán an wò, ó fi èkejì sí i. Kò tàn. Ayọ̀tọ́lá ló ń na irinṣẹ́ sí i. Kó tó wẹ̀yìn wá tọ́ọ̀ṣì, obìnrin náà ti fi í tan ibi tó ń wò. Wọn kò wo ojú ara wọn, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ tó lábùkù, síbẹ̀ Mùílì ń ka iye irinṣẹ́ tó ń kọjá láàárín wọn. Òun àti obìnrin yìí ti jọ ń gbé láti ọjọ́ yìí, kò na òwú kan sí òun rí láìjẹ́ pé òun béèrè.

Níkẹyìn, Samsudeen gbé imú sún mọ́ àpótí irin kékeré tó wà nísàlẹ̀, èyí tó ń gbaná lára ògiri, tó ń pín in fún ìyókù. "Pawapáàkì ni. Ooru ti jó o." Ó mú òmíràn tó ti lò rí jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fi rọ́pò. Ayọ̀tọ́lá tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn, fáànù yí láìpariwo, àwòrán jáde. Òun àti Samsudeen gbá ọwọ́ ara wọn pàá.

"Ẹ̀rọ yìí àti òfì kò lè gbé ojú kan," ni Samsudeen wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ yàrá, kí ẹ máa ti ilẹ̀kùn."

"Yàrá?" Mùílì ti dìde. "Yàrá mi? Kí ẹ tilẹ̀kùn, kí n má baà gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ara yín sọ, àbí?"

Ayọ̀tọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Samsudeen rọra kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," ló wí. "Kí n tó rí yín lónìí ni mo ti mọ̀ yín. Gbogbo ìgbà tí a bá ń gbá géèmù, mò ń gbọ́ òfì yín lẹ́yìn ohùn Ìyá Fadékẹ́. Tó bá dákẹ́, wọ́n á ní, 'Jẹ́ n lọ wo Bàbá Fadékẹ́ ná.' Kò sí ọjọ́ kan tí a dá wà." Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Ayọ̀tọ́lá kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ohun tó wí kò ju pé, "Ẹ dójú tì mí níwájú àlejò." Láti ọjọ́ yẹn, kò tan kọ̀ǹpútà náà mọ́, àní fún àwòrán aṣọ. Ohun tí Mùílì ń fẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yìí: kò sí hẹ́dífóònù, kò sí Samsudeen, kò sí ẹ̀rín. Òfì rẹ̀ nìkan ló ń dún nínú ilé. Ó wá rí i pé òun kò lè gbádùn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, ó tú òfì náà lára ilẹ̀. Àyúbà bá a gbé e lọ sábẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ. Nígbà tí Ayọ̀tọ́lá ti ọjà dé, ó rí àyè òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Kí lẹ ṣe báyìí?"

"Eruku òwú ń pa kọ̀ǹpútà rẹ. Jẹ́ kó wà ní pálọ̀."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó mú fóònù, ó pe Kìṣí, ó sì na fóònù náà sí i. Mùílì gbà á. Ẹ̀bẹ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Samsudeen," ló wí nígbà tó yá, "iṣu yẹn mà dára o."

"A dúpẹ́, bọ̀dá mi," ni Samsudeen wí. Ohun tí Mùílì fẹ́ sọ yé e.

Irọ́ ni mo pa bí mo bá ní owú náà tán lọ́jọ́ yẹn. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, Mùílì á mọ̀ pé wọ́n ti ń sáré mọ́tò nílé. Àwọn ahunṣọ á máa jiyàn bọ́ọ̀lù lọ́tùn-ún lósì, òun á dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa yára lórí aṣọ ju bó ti yẹ lọ. Ó ti gbéra rí, ó fẹ́ lọ yọjú sílé, kó tó dúró lójú ọ̀nà, tó sì padà.

Ṣùgbọ́n bó bá délé nírọ̀lẹ́, tó bọ́ bàtà, tó mu omi, ohun kan wà tó ti ń béèrè báyìí.

"Ta ló borí lónìí?"

Nígbà àkọ́kọ́, Ayọ̀tọ́lá rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé ó ń dúró de ìdáhùn, ó jókòó tì í, ó fi ọwọ́ ya kọ́nà kan fún un lórí itan ara rẹ̀, èyí tí mọ́tò Samsudeen ti dojú dé nínú géèmù, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kò yé Mùílì. Ó ní kó tún un sọ.