Kànga Kejì

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Mùsílíù fi wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, láti Peckham lọ, láti Peckham bọ̀, kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn tó ju ti ilé dé gáréèjì lọ. Mùínàt ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Hameedah, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kú, àga ọkọ̀ yẹn la máa sin mọ́ yín."

Mùínàt ló kọ́kọ́ kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín, òjò ń rọ̀, láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan sì ti já láàárín Mùsílíù àti Ẹni tó ń kírun sí. Kò ṣíwọ́ ìrun o. Àsùbáà kan kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ bó bá ti tẹ́wọ́ àdúà, bí ẹni tó ń pe fóònù ló ń rí lára rẹ̀: ó ń dún, ó ń dún, ẹni tó wà nílé kò gbé e. Òun yìí náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Àdúà ní mọ́sáláṣí. Kò sí ìsọmọlórúkọ kan láti Deptford dé Brockley tí wọn kì í ti wá a. Ta ló fẹ́ sọ fún?

Nígbà tí Lérè, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní mọ́sáláṣí, kéde lẹ́yìn ìrun Àìlà pé ẹgbẹ́ máa lọ rin ìrìn ọjọ́ mẹ́rin nínú àfonífojì aṣálẹ̀ kan ní Jọ́dánì, ibi tí mọ́tò kò dé, tí àpáta ga lọ́tùn-ún lósì bí ilé alájà ogún, Mùsílíù ló kọ́kọ́ nawọ́. Nínú aṣálẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá Ànábì Músá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nínú ilé kánsù, ilé ìjọba tó ń gbé. Bó bá jẹ́ pé Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni Mùsílíù máa ti gbọ́ Ọ. Nǹkan tó ń wá lọ nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Àjà keje ni ilé rẹ̀. Ó di ìrẹsì kílò mẹ́wàá sínú àpò, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó ń gun àtẹ̀gùn láràárọ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ kò wò ó. Ó ra máàpù ọ̀nà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná níbi tí kàlẹ́ńdà Mùínàt wà tẹ́lẹ̀. Dírẹ́bà ni, kì í gbéra kó tó mọ ibi tó máa dúró. Ó fi báírò pupa yí gbogbo ibi omi po: kànga kìíní, kànga kejì, kànga kẹta. Lítà márùn-ún fún ẹnì kan lóòjọ́. Lérè kó gbogbo ètò náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá Àdúà, ẹ̀yin gan-an lọ̀gá."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ fi àwọn òkè Kent dánra wò. Mùsílíù ló wà níwájú láti òwúrọ̀ títí tí wọ́n fi délẹ̀. Àwọn mẹ́wàá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó kọjá rẹ̀. Ó ń bojú wẹ̀yìn, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Ẹ ò jẹun kẹ́ ẹ tó jáde ni? Àgbà ń lọ níwájú, ẹ̀yin ń rá pálá!" Wọ́n ní, "Daddy, ẹ fẹ́ pa wá ni." Nígbà tó délé, ó dúró síwájú fọ́tò Mùínàt, ó ní, "Ṣé o rí mi báyìí?"

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé ìkẹyìn, Thursday ni wọ́n máa wọ bàálù. Láàárọ̀ Sátidé náà, Mùsílíù pe afinimọ̀nà tó wà lọ́hùn-ún láti tún ètò omi wò. Ọkùnrin náà ní kànga kejì ti gbẹ lọ́dún yìí, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Kí wọ́n yáa háyà ràkúnmí tó máa ru omi láti kànga kìíní, ẹ̀gbọ́n òun ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹni tó bá dé ibẹ̀ tí kò tíì rí ràkúnmí gbà, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Mùsílíù kọ ọ́ sórí ìwé, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n náà sí i, ó ti ìwé náà bọ àpò.

Ní ìpàdé, Lérè fẹ́ fi máàpù han gbogbo wọn lára ògiri. Ó tẹ láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Fídíò ló jáde. Òkè Kent ni. Ẹ̀yìn Mùsílíù rèé, ó ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún sósì, Waris tó kéré jù nínú wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ya itan, ó di ìbàdí mú, ó ń sín in jẹ, ẹ̀rín ń pa ẹni tó ń ya fídíò.

Lérè pa á kíá. Ó ti pẹ́ jù.

"Daddy, ẹ má bínú," ni Lérè wí. "Bọ́rọ̀ sì ṣe rí náà nìyẹn. Wákàtí márùn-ún ló yẹ ká lò ní Kent. Mẹ́sàn-án la lò."

"Ṣebí èmi ni mo wà níwájú?"

"Exactly!" Waris fọwọ́ lu itan. "Ta ló máa kọjá lára bàbá ẹ̀? Swear down, Daddy, bí bọ́ọ̀sì tó kú sáàárín títì lẹ rí. Gbogbo wa wà nínú traffic yín."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ló dùn mọ́ wọn jù.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ pé kí n yà?"

Yusrah, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bí sí Lewisham, wolẹ̀. "A ò lè sọ irú ẹ̀ fún àgbà, Daddy. Ó máa rude."

"Ẹ ò lè sọ ọ́. Ẹ lè sín in jẹ."

Lérè ní ó ti pẹ́ tí òun ti fi orúkọ Olúbáyọ̀, àbúrò ìyàwó òun, rọ́pò ti Mùsílíù nínú àwọn tó ń lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Mùsílíù wí. "Mo gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ yìí."

"Ó dáa fún heart yín, Daddy," ni Waris wí.

Ọwọ́ Mùsílíù ti wọ àpò. Ó ti kan ìwé náà.

"Àgbà ni yín," ni Lérè wí, ó ń ká wáyà láptọ́ọ̀pù. "Ẹ bá wa fàdúà tì í. Ìyẹn gan-an la nílò lọ́wọ́ yín."

Ọwọ́ jáde lápò lófìfo. Mùsílíù dìde, ó tẹ́ méjèèjì sókè. Ó ṣàdúà bó ṣe máa ń ṣe é, kò yára, kò falẹ̀. Ọlọ́run á mú wọn lọ. Àmín. Á mú wọn bọ̀. Àmín.

"Olúwa, má jẹ́ kí òùngbẹ pa wọ́n nídìí kànga kejì tó ti gbẹ."

"Àmín!"

Ó la ojú. Lérè ṣì ń ká wáyà. Waris ń wo fóònù. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá: "Kànga kejì, Olúwa, tí kò sí omi nínú ẹ̀ mọ́."

"Àmííín!" Ti Waris ló ròkè jù.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ló gbé e délé. Ó da ìrẹsì inú àpò padà sínú ike, ó jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, máàpù ń wò ó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ ọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí.

Fóònù dún. Yusrah ló kọ̀wé ránṣẹ́: "Daddy, ẹ má bínú sí wa. Àdúà yín wọ̀ mí lára gan-an. Ọlọ́run á gbà á."

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ, nínú ilé kánsù, lójú ọ̀sán gangan, láìsí àpáta, láìsí aṣálẹ̀. Kò jọ ohùn Mùínàt, kò sì jọ tirẹ̀. Ó ní: Mùsílíù, sọ fún un.

Ọdún méjì ló ti ń dúró de ohùn yìí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ọ, bí ẹni tó wà nílé tí fóònù ń dún létí rẹ̀.

Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ èsì sí Yusrah: "Àmín."

Ó sì da fóònù náà dojú dé.