Tíṣà Adéoṣùn àti Àwọn Ọmọ Ilé-ìwé Rẹ̀ Onírùngbọ̀n

Nígbà tí mo kéré, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, orí bẹ́ńṣì kan náà ni èmi àti Ráájì jọ ń jókòó ní kíláàsì kejì, ní Ọ̀tà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ráájì ní tirẹ̀ ti ní irùngbọ̀n, ó ti ní oko, ó sì ti fẹ́yàwó. Bó bá dìde lójijì, bẹ́ńṣì á dojú dé pẹ̀lú mi.

Tíṣà Adéoṣùn, tó ti ń kọ́ ilé-ìwé wa ní bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ pípẹ́, ló mú un wá. Kò sí ọdún tí a kì í gba ife-ẹ̀yẹ, àwọn àgbà ìlú a sì máa fa ewúrẹ́ fún Tíṣà. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: bí ìdíje bá ku díẹ̀, á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Alápòtì àtàwọn abúlé mìíràn, á kó géńdé wá sí kíláàsì wa. Ìdíje tán, wọ́n á padà sóko láìtíì mọ á-bí-dí parí.

Àwa ọmọbìnrin là ń pọnmi fún wọn, tá a sì ń se ẹ̀wà wọn. Òórùn epo àti àlùbọ́sà á gba ọgbà kan, itọ́ á máa dà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ ọ wò, á fẹ̀yìn gba pàṣán. "Ẹni tó máa gba ife ló ń jẹ ẹ̀wà," ni Tíṣà máa ń wí.

Lọ́dún kan, òyìnbó tó ń bẹ ilé-ìwé wò wá wòran àṣekágbá àwa àti ilé-ìwé ìlú kejì. Ó béèrè ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa.

"Kò sẹ́ni tó ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, sà," ni Tíṣà fèsì.

Kò pẹ́ tí Ráájì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìyàwó rẹ̀ bá jó wọ pápá, ìkókó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá Múnírù! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Àbúrò ẹ̀ ni, sà," ni Tíṣà yára wí.

Ṣùgbọ́n Múnírù fúnra rẹ̀, àkọ́bí wọn tó ti ń sáré, ti dì mọ́ ẹsẹ̀ Ráájì. "Bàbá, ẹ gbé mi!"

Tíṣà ìlú kejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òyìnbó ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì tò, ó sì ń fọwọ́ ra wọ́n lágbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ àwọn onírùngbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọdé méjì péré ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹyọ kan. Ẹ̀rín tán. Òyìnbó gbé ife sínú mọ́tò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, Tíṣà wọ kíláàsì wa, ó wò wá bí ẹni tí kò rí wa rí. Ó kó àwọn ọmọdé gidi jáde, ó sì fi sùúrù kọ́ wọn. Ẹ̀wà wá kárí gbogbo wa. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ilé-ìwé yòókù fi lù wá lórí pápá bí ẹni lu bàrà, síbẹ̀ n kò rí inú Tíṣà kó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà ìlú kọ̀wé pé kò mọ bọ́ọ̀lù mọ́, wọ́n sì gbé e kúrò. Mo sunkún títí lọ́rì tó gbé e lọ fi pòórá.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà, láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi mú mi lọ wo bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wọn ní Sàngó. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni kápútẹ́nì wọn tó ti ń pá lórí.

"Mẹ́rìndínlógún, Màmá. Ó ní ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù."

Ayé ti lajú lóòótọ́. Nígbà tiwa, ẹnu Tíṣà nìkan la fi ń purọ́. Nísinsìnyí, ìjọba ń bá wa lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.